Bíréékì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tún Ṣe

Kí n tó kúrò nílé, sípéépáàtì mọ́tò ni mo ń tà ní Òṣogbo. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sídìí káńtà yẹn. Bí mẹkáníìkì bá wọlé, kó tó ṣàlàyé ohun tó ń wá tán, mo ti nawọ́ mú un. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú mọ́tò. Bí mo bá kàn gbé nǹkan lọ́wọ́, mo ti mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ṣùgbọ́n n kò fi sípánà tú ọ̀kankan nínú wọn rí. Ní Mẹ́kà, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá títà ni mo mọ̀ ni àbí títúnṣe, èmi náà kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí wọ́n wó ìsọ̀ wa láti fẹ ọ̀nà, mo bá àwọn tó ń lọ ṣe Úmúrà lọ. Àwọn padà sílé, èmi kò padà. Bí mo ṣe di ẹni tí kò ní ìkáámà nìyẹn, ìyẹn ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò níbi gbogbo. Ẹni tí kò bá ní in kì í rìn láàrin títì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà, ó sì máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ọlọ́pàá kó tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn.

Ooru kọ́ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú níbẹ̀, èdè ni. Mo kéwú dáadáa nílé, mo rò pé mo gbọ́ Lárúbáwá. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé àdúgbò Hujúnì, mo lọ ra búrẹ́dì. Mo to ọ̀rọ̀ mi bí alùfáà wa ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì wò mí, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá látinú ilé, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọn kò tilẹ̀ gba owó búrẹ́dì náà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo délé ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni èèyàn ti ń gbọ́ irú Lárúbáwá tí mo sọ.

Ilé Àlàájà Múínátù ni mo ń pè nílé. Ọmọ Ìlọrin ni. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá ṣe Háájì, tí wọn kò padà. Ọkọ ti kú. Ó wá ku òun àti Hanan, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sí Mẹ́kà. Yàrá méjì ni wọ́n ní lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ débi pé àwọn àgbàlagbà ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Àlàájà ń se ìrẹsì, ẹja díndín àti mọ́ínmọ́ín fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó wá jọ́sìn láti ilé. Èmi ń gé àlùbọ́sà, mò ń fọ ìkòkò, mò ń gbé kúlà oúnjẹ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Hanan. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá ní, "Hanan, gbé ṣíbí ńlá yẹn fún mi," òun á ní, "Táyíbù, yá mámà," ìyẹn ni pé ó dáa, màmá. Kò ní ìwé Sáúdì, kò ní ìwé Nàìjíríà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé níbo lòun gbà pé ilé òun wà. Ó fi ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibi tó dúró sí.

Ẹnì kẹrin wa ni Ṣàkírù, ọmọ Ìwó, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì. Àdúgbò Sáhírì ló ń gbé. Òun nìkan ló ní ìkáámà nínú wa, òun nìkan ló ní ìwé ìwakọ̀. Ó ti ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó fi ń bá Àlàájà gbé oúnjẹ, ó sì máa ń lọ sí Jẹ́dà lọ kó èlùbọ́ àti ata gbígbẹ wá. Ọdún kan ló kù kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í pè mí lórúkọ, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí.

Ọjọ́ tí rọ́bà rédíétọ̀ ọkọ̀ yẹn bẹ́ ní Sáhírì, tí èéfín gba iwájú rẹ̀, Ṣàkírù ti mú fóònù jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pe mẹkáníìkì."

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Rọ́bà lásán? Bá mi wá ọ̀bẹ."

Mo wo fídíò kan lórí fóònù, mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo gé ibi tó bẹ́ kúrò, mo fà á pọ̀, mo dì í, mo rọ omi sí i. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi bó, ọ̀rá dúdú gba gbogbo apá aṣọ mi, àmọ́ n kò tíì dunnú tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Nígbà tí a délé, Àlàájà pàtẹ́wọ́.

"Máṣá Allah! A mà ti ní mùhándísì nínú ilé!"

Mùhándísì ni wọ́n ń pe ẹnjiníà níbẹ̀. Orúkọ náà mọ́ mi lórí. Hanan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn wà níbì kan tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan kò lè mọ ohun tí orúkọ yẹn ṣe fún mi. Mo rìn láàrin títì lọ́sẹ̀ yẹn.

Mo pe Màámi. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ mọ́tò ni mò ń ṣe. Mo gbọ́ tó ń kígbe sí àwọn ará ilé pé ọmọ òun ti di ẹnjiníà ní ìlú Ànábì. Ó béèrè bóyá mo ń kírun ní Háráámù, mọ́ṣáláṣí ńlá tí Kábà wà, lójoojúmọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ń rí iná orí ilé gogoro rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lè kọjá kí ọkàn mi tó balẹ̀ láti lọ, nítorí àwọn tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà. Ìyá mi gbà pé ẹ̀gbẹ́ Kábà ni mò ń sùn. Ẹ̀yìn ìkòkò ìrẹsì ni mò ń sùn.

Lẹ́yìn rédíétọ̀, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mo pààrọ̀ páàdì bíréékì iwájú. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i. Bí Ṣàkírù bá ti dárúkọ Sinaíyà, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì lẹ́yìn ìlú, èmi á rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ pé ẹni tó bá lọ́wọ́ méjì kò ní nǹkan í wá níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́. Nígbà tí mo wò ó lẹ́yìn, mo rí i pé àwọn ohun tí kò lè pa ẹnikẹ́ni ni gbogbo ohun tí mo tún ṣe yẹn, yàtọ̀ sí páàdì, orí ire ló sì bá mi ṣe ìyẹn.

Ṣàkírù ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bíréékì náà ń rì. Ó ní bí òun bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tẹ fóòmù. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbọ́ tèmi. Ó wakọ̀ náà lọ sí Sinaíyà jẹ́jẹ́, èmi náà tẹ̀ lé e. Ará Yẹ́mẹ̀nì ni mẹkáníìkì tí a bá, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun tí wọ́n ń pè ní Ústà. Ó fẹsẹ̀ tẹ bíréékì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fìka kan ibi tí ọ́ìlì ti ń jò.

"Másítà bíréékì yìí ti parí. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Màá ní kí wọ́n gbé tuntun wá láti Jẹ́dà."

"A kò lè pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ nìkan?" mo béèrè.

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo páàdì tí mo fi sí ẹsẹ̀ iwájú, ó mi orí.

"Ta ló ṣe eléyìí? Ẹni tó ṣe é kò mọ iṣẹ́."

Ṣàkírù kò wo ojú mi. Ústà tún sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, bí bàbá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní èèyàn lè fi ẹ́ńjìnnì dánra wò, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ á dúró. Ó ní ti bíréékì kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi títí a fi délé ni pé ó ní n kò mọ iṣẹ́, ojú Ṣàkírù ló sì ti sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Àlàájà ti gba iṣẹ́ oúnjẹ àwọn èrò kan tó wá láti ilé, ogún èèyàn lé, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí oúnjẹ kò bá dé lọ́jọ́ kan péré, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ náà. Àwa mẹ́ta jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni," Ṣàkírù wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ gbé oúnjẹ náà, tàbí ká wọ takisí."

"Takisí wo ló máa gbé kúlà mẹ́rin gun òkè yìí?" Àlàájà dáhùn. Ó kọjú sí mi. "Mùhándísì, ṣé o lè ṣe é?"

Bí mo bá ti sọ pé n kò lè ṣe é, gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Mo ní, "Mo lè ṣe é, Àlàájà."

Mo ra rọ́bà inú másítà, ohun tó ń ti ọ́ìlì bíréékì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú u síta lórí pákó, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, mo dá a padà. Ohun tó kù ni kí a fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù bíréékì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí bíréékì tí afẹ́fẹ́ bá kù nínú rẹ̀ lè rì nígbàkigbà. Ṣàkírù jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tẹ bíréékì bí mo bá ti pè é. Èmi wà nílẹ̀, mò ń ṣí nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn táyà, ọ́ìlì á ti afẹ́fẹ́ jáde, màá dè é padà.

"Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Ó dáa."

Ẹsẹ̀ mẹ́ta bọ́ sí i. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ kẹrin, nọ́ọ̀tì ti dípẹtà. Mo yí i, kò gbọ́. Mo fi òkúta gbá sípánà, etí nọ́ọ̀tì náà fá, sípánà kò rí nǹkan dì mú mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo gbọ́ Àlàájà lókè tó ń pè pé oúnjẹ ti jinná. Mo ronú pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ti pọ̀. Mo dìde, mo nu ọwọ́ mi.

"Ó ti tán?" Ṣàkírù béèrè.

"Ó ti tán."

Ó tẹ bíréékì, bíréékì le koko. Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà lọ, ó bọ̀, lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì yẹn, mo ti ń fọkàn rò ó pé màá padà sí Sinaíyà lọ fi han bàbá Yẹ́mẹ̀nì yẹn.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àsárì, Ṣàkírù àti Àlàájà ti gbé oúnjẹ alẹ́ lọ, èmi àti Hanan wà ní ilé ìdáná, à ń fọ ìkòkò ọ̀sán. Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde láì wọ bàtà. Mo tẹ̀ lé e sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ìsàlẹ̀ òkè ló ti ṣẹlẹ̀. Bíréékì ti rì dé ilẹ̀ pátápátá, àwọn tó ń rìn lọ kírun sì kún ojú ọ̀nà. Ṣàkírù kò fẹ́ gbá ẹnikẹ́ni, ó darí ọkọ̀ náà sára ògiri, ọ̀tún ọkọ̀ ló sì fi gbá a, ibi tí Àlàájà jókòó sí. Ìrẹsì dà sí ojú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá ti dé. Mo dúró ní òdì kejì láàrin àwọn òǹwòran, bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Mo rí i bí wọ́n ṣe gbé Àlàájà jáde. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kan di ìbòrí rẹ̀ mú kó má baà ṣí. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ṣàkírù, tí ẹ̀jẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, rí mi láàrin èrò. Ó mi orí díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Mo dá ẹsẹ̀ náà padà.

Ẹnì kan tó wà nítòsí wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọlọ́pàá bi Ṣàkírù pé ta ló tún bíréékì yẹn ṣe. Ó ní òun ni.

Eegun ìbàdí Àlàájà ló kán. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa ní ilé ìwòsàn, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ìwé. Hanan wá kó aṣọ ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ dúró tì í, wọn á mú òun náà, ó sì ń lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí ní Lárúbáwá pé ṣé èmi ni mo tún un ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Hanan, ẹsẹ̀ kan kù tí n kò ṣe. Mo mọ̀ pé ó kù." Ó gbé àpò náà lé èjìká. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má tẹ̀ lé mi," ó wí.

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tó sọ sí mi nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n kó ìyá àtọmọ lọ sí tàríhìlì, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò ní ìwé sí kí wọ́n tó dá wọn padà sílé. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni Àlàájà wà. Wọ́n ti wà ní Ìlọrin báyìí. Mo gbọ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn, pé Hanan kì í jáde, nítorí àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín bó bá sọ̀rọ̀. Ti Ṣàkírù náà kò pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà àti àwọn aláìníwèé tó ń fi í gbé di ẹjọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀, òun náà padà sílé láì gba ìwé ẹ̀rí. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló kù ní Mẹ́kà, torí pé kò sẹ́ni tó dárúkọ mi.

Oṣù mélòó kan ni mo fi ń pe Ṣàkírù tí kò gbé e. Lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ pè. Ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kéwú ní Ìwó. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi tipẹ́tipẹ́.

"Ṣàkírù, bíréékì yẹn, ẹsẹ̀ kẹrin…"

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè mí. Mo kà á."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí mi.

"Mo bi yín bóyá ó ti tán, ẹ ní ó ti tán. Mo rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe ju tèmi lọ." Ó fi kún un: "Ẹ má bẹ̀ mí o. Bí ẹ bá bẹ̀ mí, á jẹ́ pé èmi náà gbọ́dọ̀ lọ bẹ Àlàájà, n kò sì tíì lè dé Ìlọrin."

Ó kí mi pé ó dìgbà kan. Kò tún pè mọ́.

Ilé orí òkè yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ibi tí mo ń sùn ń yí padà. Mo máa ń rò ó pé kí n rìn lọ fi ara mi sílẹ̀ kí wọ́n dá mi padà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí Màámi yóò kó gbogbo ilé jọ láti wá pàdé, n kò sì rí ẹni náà nínú ara mi mọ́. Nílé, wọn á ní kí n bá wọn wo mọ́tò. Níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Àìmọ̀ yẹn ni mo dúró tì.

Nígbà Háájì tó kọjá, mo rí iṣẹ́ pàǹtírí kíkó ní Mínà, láàrin àwọn àgọ́ funfun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn èrò ń padà, bọ́ọ̀sì kan kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nítòsí ibi tí mo wà. Àwọn èèyàn wa ló wà nínú rẹ̀, mo gbọ́ ohùn wọn láti òkèèrè. Awakọ̀ ti ṣí ẹ́ńjìnnì, ó ń wò ó. Mo wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí wáyà bátìrì tó ti já kúrò lórí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́ tí mo kí ẹnì kan ní Yorùbá, ojú rẹ̀ là.

"Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan ò sí níbí tó mọ̀ nípa mọ́tò? Oòrùn yìí fẹ́ pa àwọn ìyá tó wà nínú ọkọ̀."

"Rárá o, Àlàájì," mo dáhùn. "N kò mọ ẹnì kankan."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run dá mi padà sílé láyọ̀. Mo ní àmín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ike omi lọ.